Bàtà Tí Kò Gba Ẹsẹ̀ Mọ́

Aránbàtà ni. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà, ẹ̀rù sì ń bà á pé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni òun jogún. Bàbá yẹn kò tíì darúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, tó sì kú. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí aránbàtà ní náà gba ọ̀nà kan náà lọ. Nítorí náà, kí aránbàtà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà aláwọ kan tó rán fún ara rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọlé geere, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, sísá ni yóò sá. Ìyá rẹ̀ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ ló ti ń se omi egbò igi tí ìyá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọ, èyí tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín àwọn ọkùnrin ilé náà. Òun alára kì í mu ún. Á gbé ife kan wá láàárọ̀, á gbé òmíràn wá lálẹ́, á sì dúró tì í títí ife á fi gbẹ.

"Màámi, ó ti korò jù."

"Ikú ló korò jù. Gbé e mu."

Àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan ló sá fún ife yìí, tó bínú kó jáde nílé. Arúgbó náà ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ kiri.

"Orí ló ń bá a ṣe é," ni ìyá máa ń wí. "Kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàtà kọ̀, kò gba ẹsẹ̀. Aránbàtà wọ sálúbàtà lọ sílé ìwòsàn. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bi í ní gbogbo ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu, ó ní kó bu díẹ̀ wá nínú omi egbò náà. Nígbà tó padà lọ gbọ́ èsì, ó pẹ́ kó tó jáde.

Ìyá rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Àrùn ìdílé wa náà ni, màámi."

Ìyá bú sẹ́kún. "Àbí mi ò gbìyànjú tó ni?"

"Ẹ gbìyànjú, màámi. Ẹ ò jẹ́ kó yẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Dókítà ti sọ fún un pé kò sí àrùn kankan nínú ìran wọn, pé omi egbò yẹn ló pa bàbá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kíndìnrín tirẹ̀ náà sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó gba ife lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì mu ún gbẹ lójú rẹ̀.