Àpótí Egungun Tíṣà Adébọ̀dé

Àpótí egungun kan ṣoṣo ni Tíṣà Adébọ̀dé ní. Ọ̀gá ọsibítù kan tó ń fẹ̀yìn tì ló fún un: egungun ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò wá bèèrè. Itan òsì ní kókó níbi tó ti ṣẹ́ rí, tó sì jinná ní wíwọ́. Lábẹ́ àtíbàbà kan ní Bàrígà, lọ́dún 1956, ló ti ń fi í kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí kò bá mọ egungun ara, kó má wulẹ̀ lọ.

Fọlọ́runṣọ́ ló mú jù nínú wọn. Sabina, ìyá rẹ̀, ń yan ẹja tà létí ọ̀sà. Ọkọ Sabina, tó máa ń tiro díẹ̀, ti wọ ọkọ̀ lọ, kò padà. Àwọn aládùúgbò ní ó ti fẹ́yàwó sí Kútọnú.

Lọ́jọ́ tí Sabina kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá, ó bá itan yẹn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó bèèrè ẹsẹ̀ tó jẹ́. Tíṣà ní òsì ni. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ láì kí ẹnikẹ́ni.

Ọkàn Adébọ̀dé kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń sọ ní Ṣómólú pé owó ló fẹ́ fi egungun ṣe. Bí obìnrin yìí bá pariwo, ọlọ́pàá á gbé àpótí, ìdánwò á sì bọ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ó ń gbé àpótí láti igun dé igun, ó ń yọjú wo ọ̀nà.

Sabina padà wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Fọlọ́runṣọ́ bi í pé ta ló kú. Ó ní kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ àpótí, níbi tí Tíṣà dúró sí, ó kúnlẹ̀.

“Ìyá, ẹ dìde. Ọmọ yín ni mí.”

“Mo ti gbọ́, Tíṣà.”

Lọ́jọ́ kejì ó tún kúnlẹ̀. Moshood, aláwàdà kíláàsì, ní Tíṣà ti di ọba Bàrígà. Ojú ti Adébọ̀dé. Bó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á sá lọ sídìí pátákó. Ibi àpótí náà ni Sabina ṣì ń kúnlẹ̀ sí. Moshood ní ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì.

Èsì dé. Fọlọ́runṣọ́ yege. Adébọ̀dé ń retí ijó, ṣùgbọ́n Sabina kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ọmọ ti yege. Ẹ jẹ́ kí n gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé wàyí.”