Ìràwọ̀ Inú Ìgò

Obìnrin tó ń yẹ omi wò fi páálí dúdú róbótó dí àárín iná abẹ́ maikirosíkóòpù, kí ohun tó bá wà nínú omi lè máa tàn nínú òkùnkùn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi gbé búrẹ́dì sẹ́nu, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Òkùnkùn biribiri! Àwòrán tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìgò ńkọ́?"

"Omi yín ló mọ́, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé òfìfo ni mò ń tà ni? Wá nǹkan tó ń dán, tàbí kó o gba ilé bàbá ẹ lọ!"

Obìnrin náà kán omi tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ife tí ọ̀gá fi ti búrẹ́dì lọ́fun sórí gíláàsì abẹ́ maikirosíkóòpù. Ọ̀gá tún yọjú wò ó.

"Háà, ìràwọ̀ rẹpẹtẹ! Ẹ tẹ̀ ẹ́ sára gbogbo ìgò," ni ọ̀gá pariwo sáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí èérún búrẹ́dì ń ta jáde lẹ́nu rẹ̀, "kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ó mọ́ gaara!"