Ẹ̀wù Tí Kì í Ṣe Fún Títà

Ìgbà kẹsàn-án rèé tí Akínwọlé máa gba ẹrù Ìyá Joshua ní gáréèjì Ore, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dùn mọ́ ọn. Dírẹ́bà ọkọ̀ Èkó na àpò dúdú náà sí i láti ojú fèrèsé.

"Bàbá ọlọ́kadà, ìyàwó yín tún ti ra aṣọ!"

Akínwọlé gba àpò náà. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ bá obìnrin tó ni àpò yìí sọ, kò tíì rí ẹnu sọ ọ́. Ó so ẹrù náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó sì forí lé Odigbo.

Ọláyídé, ìyá Joshua, wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé. Opó ni. Joshua nìkan ló bí. Ọmọ náà wọkọ̀ lọ wáṣẹ́ ní Èkó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì pe ilé láti ìgbà náà. Nílé àdúrà, wọ́n máa ń bẹ Olúwa kó rán ọmọ náà létí ilé. Ọláyídé á ṣe àmín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Joshua. Ọkọ ojú fóònù yín tún ti fẹrù ránṣẹ́," ni Akínwọlé wí.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bàbá Loveth."

Ọláyídé tú àpò náà sórí itan. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òkìrìkà ni gbogbo wọn. Kò na èyíkéyìí wò bóyá ó fẹ̀ tàbí ó kéré. Ó yí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan síta, ó wo inú rẹ̀, ó sì ká a padà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ èébú.

"Ọmọ tó ń tajà yìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ wo bọ́tìnì méjì tó ti já. Ẹ gbóòórùn káfúrà!"

"Ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀? Ṣé aṣọ wọ́n ní Ore ni?"

"Aṣọ rẹ̀ dáa. Ó sì mọ èèyàn kí." Ó gbé àwọn aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mi ò tíì lè fi í sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Akínwọlé. Gbémiga lorúkọ ọmọkùnrin tó ń tajà yìí. Orí fóònù ló ti ń tà á láti Èkó, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń wọ aṣọ tó bá fẹ́ tà, tí á ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Akínwọlé bá Ọláyídé níbi tó ti ń fi ìka méjì fa irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kó lè tóbi sí i. Gbémiga ló wà níbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò ó títí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé àlejò wọlé. Akínwọlé ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: *Tèmi lèyí, kì í ṣe fún títà.*

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀ ẹ́ kó ta ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn fún mi," ni Ọláyídé wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi òmíràn ránṣẹ́."

Ohun kan ṣoṣo ni Akínwọlé fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Nígbà Kérésì, obìnrin náà bá a tún ẹ̀wù kan ṣe, ó sì fi òwú pupa rán àgbélébùú kékeré kan sínú ọrùn rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. "Kí Ọlọ́run lè dá yín mọ̀ láàrin èrò," ló wí. Láti ìgbà náà, kì í fẹ́ bọ́ ẹ̀wù náà. Kò bi í léèrè bóyá ẹlòmíràn náà ní irú rẹ̀.

"Bàbá Loveth," Ọláyídé tún pè é, "ẹ bá mi lọ pàdé àlejò ní Sátidé. Gbémiga ń bọ̀. Mo ní àwọn obìnrin ilé àdúrà fẹ́ rajà."

"Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?"

"Mo ní kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Akínwọlé kò rántí ìgbà tó ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ní Sátidé, ọmọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ ní Ore pẹ̀lú àpò ńlá méjì.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Mọ́mì wa ńkọ́? Kọ́sítọ́mà gidi ni wọ́n. Wọ́n máa ń bú mi bí ọmọ bíbí inú wọn."

Akínwọlé wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó dà bíi pé ó ti rí i rí. Ó rántí fọ́tò ọjọ́sí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Kò sí kòtò tí kò gbà kọjá kí wọ́n tó dé Odigbo.

Kò sí obìnrin ilé àdúrà kankan nínú ọgbà. Owólabí, ẹ̀gbọ́n Ọláyídé, tó jẹ́ olórí àwọn ọdẹ ìlú, ló jókòó lórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin. Ọkàn Akínwọlé rẹ̀wẹ̀sì. Ẹbí ti pé láti wo ọkọ ìyàwó. Ọláyídé gbé omi fún àlejò, ó mu ún. Owólabí dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ ti ilẹ̀kùn ọgbà.

"Ṣẹ́ẹ̀tì yìí yẹ ọ́," ni Ọláyídé wí. "Níbo lo ti rí i?"

"Inú ìdì ẹrù ló ti jáde, Mọ́mì. London ni. Wọn kì í rán irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí."

"London," ni obìnrin náà wí.

Ó sún mọ́ ọn, ó gbọ́wọ́ lé ọrùn rẹ̀ bí ìyá tó ń tún aṣọ ọmọ ṣe kí wọ́n tó lọ sí ìsìn, ó sì yí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà síta. Àgbélébùú kékeré kan wà níbẹ̀, òwú pupa ni.

Ọwọ́ Akínwọlé lọ sí ọrùn ẹ̀wù tirẹ̀, ìgbà náà ló sì tó rántí ibi tó ti rí ṣẹ́ẹ̀tì náà kó tó rí fọ́tò rárá: lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ ni, lára Joshua, láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé e lọ wọkọ̀ Èkó ní Ore.