Bádrù Ní Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Òun Kò Ní Í Já

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì o. Ibi tó máa dùn yín wọra ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí mi.

1.
Bádrù ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ọjà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Mazamaza lọ sí Satellite Town. Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ ló ta ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ náà rà. Ìdí ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kò ní òmíràn.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Láàárọ̀, kò fẹ́ẹ́ jí. Bó bá jí, á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, nǹkan kan á sì máa dún ta-ta-ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Sàdíátù ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ṣìmí, obìnrin tó ń tún mọ́tò ṣe ní Alákijà.

2.
Ṣìmí tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì pe Bádrù kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú kí òkè ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ máa rìn, ti sán. Lára eyín rẹ̀ ti ká, ọ́ìlì tó ń jò sì ti rin ín gbindin.

"Bọ̀dá Bádrù, bẹ́líìtì yìí máa já. Ẹ má gbé mọ́tò yìí kúrò níbí ká tó pààrọ̀ ẹ̀."

Ẹ wo ohun tí Bádrù ṣe. Ó fi ọwọ́ yí orí ká, ó ta ìka, ó ní òun kò jáde nílé láàárọ̀ wá gbọ́ èpè.

"Sọ ọ́ padà, Ṣìmí. Sọ pé kò ní í já."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti sán."

Bádrù ní kó dé ìdérí rẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń kà á yìí náà ti ṣe àmín rí sí ohun tó yẹ kó o lọ tún ṣe.

3.
Ó rí mẹkáníìkì ẹlẹ́nu dídùn kan létí títì. Ìyẹn kò tú ìdérí kankan. Ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó sì ṣàdúrà pé láyọ̀ láyọ̀ ni wọn yóò máa lò ó, Bádrù ṣe àmín. Gbígbọ̀n náà dín kù díẹ̀, Bádrù sì ń yan káàkiri Festac pé àdúrà ju mẹkáníìkì lọ. Sàdíátù bẹ̀ ẹ́ títí kó pààrọ̀ bẹ́líìtì náà. Bádrù bi í bóyá òun náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá.

4.
Ó ń sáré bọ̀ lójú títì Badagry, ẹrù kún ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà tí nǹkan dún gbàù. Ọkọ̀ dákẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ó rí ibi yà sí. Nígbà tó tún fẹ́ jí i, ẹ́ńjìnnì kàn ń yí fìrì lásán ni.

Bẹ́líìtì ti já. Písítìn tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ti gbá àwọn fáàfù, àwọn irin tó ń ṣí tó sì ń pa dé lókè rẹ̀, gbogbo wọn ti tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú fin-ín fin-ín. Wọn kò lágbára àtira òmíràn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló wá wọ́ ọkọ̀ náà lọ.

5.
Ṣé Bádrù wá kẹ́kọ̀ọ́? Ó kọjá sọ́dọ̀ Ṣìmí, ó ní ẹnu rẹ̀ ló já bẹ́líìtì òun. Sàdíátù tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ń rọ Ṣìmí pé kó ṣáà kúnlẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Irú àlàáfíà báyẹn máa ń bí mi nínú.

Ṣìmí kò kúnlẹ̀.

"Mi ò ṣépè fún yín, Bọ̀dá. Mo wò ó, mo rí i, mo sọ fún yín. Tí mo bá tún rí irú ẹ̀ lọ́la, màá tún sọ ọ́."

Bádrù wojú ìyàwó rẹ̀ pé kó gbè é. Sàdíátù, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, tí kò sì ní ọkọ̀, lọ dúró ti Ṣìmí.

"Àǹtí Ṣìmí, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Èmi ló yẹ kó bẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ o. Bí ọkọ̀ yín kò bá fẹ́ jí, tó ń gbọ̀n, tó ń dún ta-ta-ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí, kí wọ́n wo bẹ́líìtì. Ẹni tó ní yóò já kò ṣépè fún yín, ẹ má fi àmín dí i lẹ́nu. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.