Àpòlúkù tí Wọ́n Gé Kù

Ọjọ́ kẹta rèé tí Qàwíyyàt ń bínú sí gbogbo ohun tó ń mí nílé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò.

Ọmú ń dùn ún, ikùn rẹ̀ wú, ó ń sunkún láìnídìí.

Dòdò ń wù ú jẹ, ṣùgbọ́n ẹyọ kẹrin kò ní ibi tí yóò wọ̀. Oṣù kẹjọ rèé tí wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀ kù ní Àbíjáàn, torí ó sanra jù.

"Mo ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn ọ́," ni Ìyá Hamid, ìyá ọkọ rẹ̀, wí. "Ojú abẹ ti bàjẹ́ nínú nìyẹn. Mo ti pe ọlọ́kadà, ọsibítù yá."

"Màámi, ẹ jẹ́ n wẹ̀ ná."

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún ìyá tí ẹ̀rù ń bà?

Ládàánì pe ìrun. Ìyá tẹ́ ẹní méjì.

Qàwíyyàt jáde ní balùwẹ̀. "Màámi, ẹ kírun tiyín. Ìrun ò sí fún mi lónìí."

Ìyá Hamid jókòó sórí ẹní, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọdún mẹ́fà, Qàwíyyàt kò pa ìrun jẹ rí, kò jẹ gbèsè ààwẹ̀ rí. Àdúgbò ń yìn ín.

Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ni kò wá, títí di òní.

Ìyá kírun, ó dá ọlọ́kadà padà, ó lọ dín dòdò.

Ẹyọ mẹ́ta péré.