Lọ́ọ̀kì Tuntun Lára Bàálù

Wẹ́dà kan ń yí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn mọ́ ilẹ̀kùn bàálù tó fúnra rẹ̀ kàn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e fò lórí Àyèká, ilẹ̀kùn yìí ṣí lójú òfurufú, díẹ̀ ló kù kí atẹ́gùn fà á jáde. Ó ti wá ra lọ́ọ̀kì mọ́tò ní Òde-Ìrèlè báyìí, èyí tó jẹ́ pé inú nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i.

"Jẹ́ kí n wọlé tì í, kí ìwọ fà á níta," ni ìyá rẹ̀ tó dúró tì í wí. Ó kó sùtánà funfun rẹ̀ jọ, ó fi ìwé orin ìjọ há abíyá, ó wọ inú bàálù, ó sì tilẹ̀kùn.

Wẹ́dà fà á. Ó fi ẹsẹ̀ ti ara bàálù, ó tún fà á.

"Ṣé o ò jẹun ni? Fà á!"

Ilẹ̀kùn ò mì.

"Màmá, ó tì pinpin! Kò sẹ́ni tó lè ṣí i níta!"

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká. Ẹ bọ́ sílẹ̀, kí n gbéra kí atẹ́gùn tó dé."

Ìyá rẹ̀ wò ó láti ojú gíláàsì. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ló wí. Kò fọwọ́ kan lọ́ọ̀kì náà; ó ṣí ìwé orin rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin láti orí orin kìíní.