Awọ Kì í Gbàgbé Abẹ́rẹ́

Obìnrin oníṣẹ́ ọnà náà ti tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kan sábẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń rán òdòdó sára aṣọ kó tó rí àwọn ihò tín-tìn-tín tó tò sí àyà rẹ̀.

"Wọ́n ti fi òwú kọ nǹkan síbí rí," ó wí. "Aṣọ lásán lè gbàgbé abẹ́rẹ́; awọ kì í gbàgbé."

"Òkìrìkà ni, Màmá," ni ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e wá dáhùn. "Ẹ ṣáà fi òdòdó yín bò ó, kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín ní ìkóríta Mayfair wa níbí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka tọ ipa àwọn ihò náà. Lẹ́tà kan yọjú, òmíràn tẹ̀lé e. Ìmísí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ yìí sára jákẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà tó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, tí wọ́n ní iyanrìn ti bò ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣàdúrà òkú rẹ̀ ní àdúgbò wọn ní Òkè-Ògbó.

"Olè ló bọ́ ọ lára òkú rẹ̀," ó wí lọ́kàn, ó sì yí inú jákẹ́ẹ̀tì náà síta.

Ṣùgbọ́n olè a máa fi abẹ fa òwú yọ láti òde, a sì máa ha awọ. Wọn kò ha èyí níbì kankan. Láti inú ni wọ́n ti gé òwú rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe kọ́ Ìmísí nìkan láyé. Òkú kì í tú orúkọ ara rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ lè bò ó?"

Ó pa ẹ̀rọ.

"Gbé e lọ, ọmọ mi. Ẹni tó tú u kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá a mọ̀."